Bí ẹ ṣe lè gba ilẹ̀ gbalasa àdúgbò yín sílẹ̀ n'Ìbàdàn, kí búlọ́ọ̀kù tó débẹ̀

Ẹ̀bá Ọ̀dàn ni wọ́n ń pe ìlú yìí kí ẹnu tó gé e kúrú di Ìbàdàn. Ọ̀dàn ni pápá, ibi tí igbó ńlá parí sí tí koríko bẹ̀rẹ̀. Ìlú tí wọ́n fi pápá sọ lórúkọ wá di ìlú tí ọmọ kékeré ò rí ibi gbá bọ́ọ̀lù mọ́, àfi ojú títì. Àwọn tó ń kì í tún máa ń sọ pé, "Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, níbi olè gbé ń jàre olóhun." A máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹni tó bá ti rí i kí wọ́n ta pápá àdúgbò rẹ̀, kí ẹni tó tà á sì tún wá máa bú àwọn tó lọ fẹjọ́ sùn, ẹ̀rín náà kì í fi bẹ́ẹ̀ yá a lára mọ́.

Mo ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ láńlọ́ọ̀dù fún ọdún mẹ́sàn-án ní àdúgbò kan lápá ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú. Ilẹ̀ gbalasa mẹ́ta la ní nígbà tí wọ́n fa ìwé àkọsílẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Nínú àwọn méjì tó lọ, ọ̀kan ní èèyàn ṣùgbọ́n kò ní ìwé. Èkejì ní ìwé, kò ní èèyàn. Èyí tó kù ní méjèèjì. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín kò ju bí ẹ ṣe máa rí méjèèjì kó jọ, àti èyí tó yẹ kó ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín

Ẹ má jókòó sípàdé kí ẹ máa sọ pé "àwọn ilẹ̀ yẹn". Ilẹ̀ wo? Ẹ mú èèyàn márùn-ún jáde: ọ̀dọ́ kan tó mọ fóònù lò dáadáa, àgbàlagbà kan tó ti pẹ́ níbẹ̀, ìyá kan tó ń já ewé tà tàbí tó ń pọn omi, ọmọ ìdílé onílẹ̀ kan bó bá ṣeé ṣe, àti akọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ rìn ín. Ẹ rìn ín ní oṣù kejì tí ilẹ̀ ti gbẹ, kí ẹ tún un rìn ní oṣù kẹsàn-án tí odò ti fi ibi tó ń gbà hàn. Ọ̀pọ̀ ilé tí omi ń yọ lẹ́nu n'Ìbàdàn lónìí, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ti ta ilẹ̀ rẹ̀ fún ẹni tó rà á.

Ẹ kọ ohun gbogbo tí ẹ bá rí: pápá, bèbè odò, àkúrò, àpáta, igi ńlá, kànga àtijọ́, ìgbàlẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń gbà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ẹni tó ń lò ó àti ohun tó ń fi í ṣe. Ọ̀dọ́ tó wà pẹ̀lú yín yóò ṣí àwòrán ilẹ̀ lórí fóònù, yóò tẹ ìka mọ́ igun kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà igun náà á sì jáde. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ya fọ́tò, kí ọjọ́ tí ẹ yà á sì hàn.

Ẹ má fi ìyá tó ń já ewé ṣeré. Nígbà tiwa, òun ló fi orísun omi kan hàn wá lábẹ́ igi ìyeyè, níbi tí gbogbo wa tó ń pe ara wa ní láńlọ́ọ̀dù rò pé ààtàn lásán ni.

Plọ́ọ̀tì ni kí ẹ fi ka ilẹ̀ náà, torí èdè tí gbogbo èèyàn gbọ́ nìyẹn. Èyí tó wọ́pọ̀ n'Ìbàdàn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Pápá bọ́ọ̀lù tó pé, tó gùn ní mítà 105, tó fẹ̀ ní mítà 68, á gba plọ́ọ̀tì 15 lé díẹ̀. Ẹ wá fi iye tí wọ́n ń ta plọ́ọ̀tì kan ládùúgbò yín sọ 15 yẹn di púpọ̀. Owó tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ tà á ti ń rí lójú àlá láti ọjọ́ yìí.

Ìgbésẹ̀ 2: Ta ló ni ín?

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá fò ó, ohun tó bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀, orí omi ló kọ ọ́ sí.

Èyí tó ní èèyàn tí kò ní ìwé nínú tiwa, a dá owó sí i. A gbin òdòdó, a mọ àga sìmẹ́ǹtì mẹ́fà, a kun ún ní ọ̀dà funfun. Ní àárọ̀ Sátidé kan ni ọkùnrin kan dé pẹ̀lú ìwé sọ́fè, rìsíìtì ìdílé àti katapílà. A pariwo, a fọwọ́ kọ́wọ́, a dúró níwájú katapílà. Nígbà tí lọ́yà wa wo ìwé rẹ̀, ó mi orí. Ìwé ọkùnrin náà pé. Àga sìmẹ́ǹtì wa ló fọ́ kún ìpìlẹ̀ ilé rẹ̀.

Oríṣi mẹ́rin ni ilẹ̀ gbalasa tí ẹ máa bá pàdé. Ọ̀kan ni ilẹ̀ ìdílé tí wọn kò tíì pín. Ìkejì ni ilẹ̀ tí ìdílé fúnra wọn yà sọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n gé layout, ìyẹn àwòrán bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ sí plọ́ọ̀tì: kí ìjọba tó fọwọ́ sí layout, ó yẹ kí ọ̀nà wà níbẹ̀, kí àyè ilé ìwé, ọjà àti pápá ìṣeré wà. Lórí bébà, wọ́n wà. Bó bá di ọdún mẹ́wàá tàbí ogún, tí plọ́ọ̀tì ti tán, tí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè nínú ìdílé náà fẹ́ jẹ tiwọn, pápá yẹn ni wọ́n máa ń yíjú sí. Ìkẹta ni ilẹ̀ tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé. Ìkẹrin ni àyè tí òfin ní kí wọ́n fi sílẹ̀ létí odò, lábẹ́ wáyà iná ńlá àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ town planning, ọ́fíìsì ìjọba tó ń fọwọ́ sí pílánì ilé, iye mítà tí wọ́n fẹ́ létí odò tiyín gan-an, kí ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́.

Bí ẹ óò ṣe mọ èyí tí tiyín jẹ́ nìyí. Ẹ bẹ awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ kó mú nọ́ńbà àwọn igun ilẹ̀ náà, kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì olórí awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀ ní Sẹkitéríàtì, Àgodì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbé e lé àwòrán ìpínlẹ̀ láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ béèrè ẹ̀dà layout tí wọ́n fọwọ́ sí.

Ọgbọ́n kan tún wà tí kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ ní kí gbogbo láńlọ́ọ̀dù tó yí ilẹ̀ náà ká mú fọ́tòkọ́pì ìwé sọ́fè wọn wá. Ẹ tò wọ́n sórí tábìlì bí wọ́n ṣe tò nílẹ̀. Ìwé sọ́fè máa ń sọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ plọ́ọ̀tì: ọ̀nà, odò, ilẹ̀ ẹlòmíràn. Nínú mẹ́rin tí a kó jọ nípa pápá tó kù yìí, mẹ́ta kọ "open space", ìyẹn àyè gbalasa, sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i. Ìdílé kan náà ló ta plọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn, rìsíìtì tí wọ́n fọwọ́ sí sì wà lára àwọn ìwé náà. Ẹnu wọn àtijọ́ la fi mú ẹnu wọn tuntun.

Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó ní kó máa bójú tó o fún gbogbo aráàlú. Òfin yẹn kan náà fún gómìnà lágbára láti gba ilẹ̀ padà fún àǹfààní gbogbo èèyàn. Ẹ fi sọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹ má fi halẹ̀ mọ́ ìdílé onílẹ̀. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ tí kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀, owó gbà-má-bínú tí òfin yẹn là sílẹ̀ fún ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ju iye owó ilẹ̀ tí onílẹ̀ san lọ́dún náà. Àwọn ìdílé mọ èyí dáadáa. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ẹ fẹ́ lọ pe ìjọba, wọ́n lè tà á ní alẹ́ ọjọ́ kan náà.

Bí ọ́fíìsì kan bá ń sọ fún yín pé fáìlì ò sí nílẹ̀, pé ẹ padà wá lọ́la, ẹ kọ lẹ́tà. Òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti ọdún 2011 fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn, ní oṣù kẹrin ọdún 2025 sì ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ó de àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni kí ẹ kọ ọ́. Ẹni tó máa wá fáìlì náà jáde nínú eruku, akọ̀wé kékeré kan ni, kò sì yẹ kó jẹ́ pé ìbínú yín ló kọ́kọ́ kà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yan èyí tí ẹ máa jà fún

Apá yín ò ní ká gbogbo rẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí bèbè odò àti àkúrò ṣáájú, kí ibi tí èèyàn ti ń lò tẹ̀ lé e, kí igi àti àpáta gbẹ̀yìn. Ẹlòmíràn lè ní pápá àwọn ọmọ ló yẹ kó ṣáájú. N ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n odò ò mọ ẹjọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó kó èèyàn àti ilé lọ, ó ba ọgbà Àgodì jẹ́ tó fi jẹ́ pé ọdún 2014 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣí dáadáa. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò mìíràn tún gbé afárá àti èèyàn lọ káàkiri ìgboro. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba yá mílíọ̀nù 200 dọ́là lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé fún iṣẹ́ àkúnya omi Ìbàdàn. Àkúrò tí ẹ bá fi sílẹ̀ ládùúgbò yín ń gba omi dúró, kò sì yáwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí ìgbàlẹ̀ tàbí ojúbọ bá wà lórí ilẹ̀ náà, ẹ kọ́kọ́ lọ kí àwọn tó ni ín. Yálà Mùsùlùmí ni yín tàbí Kìrìsìtẹ́nì, ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ yìí. Èèwọ̀ ló jẹ́ kí igbó wọ̀nyẹn ṣẹ́ kù kí town planning tó dáyé, àwọn tó ń ṣọ́ ọ sì lè jẹ́ ẹlẹ́rìí tó lágbára jù lọ tí ẹ ní.

Ẹ má sì ro pé igbó kékeré tó dọ̀tí lójú yín kò níye lórí. Ilẹ̀ IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Mọ́níyà, nǹkan bí hẹ́kítà 1,000 ni, wọ́n dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1967. Oko àti àlàpà abúlé ló pọ̀ nínú ibi tó jẹ́ igbó níbẹ̀ lónìí; wọ́n kàn fi í sílẹ̀ ni, ó sì hù padà. Ẹyẹ kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló ń gbé ní gbogbo ayé. Orúkọ ìlú wa làwọn onímọ̀ fi pè é: Malimbus ibadanensis. Nítorí náà, kí ẹ tó ní kí wọ́n ro gbogbo igbó etí odò kó lè "mọ́ tónítóní", ẹ dá ọwọ́ dúró.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ lọ bá ìdílé onílẹ̀

Ẹ má mú ọlọ́pàá lọ. Ẹ má mú lọ́yà lọ nígbà àkọ́kọ́. Ẹ mú àgbàlagbà méjì tó mọ̀ bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀, ìyálájé kan, àti ẹnì kan tí Bàbá Mógàjí, olórí ìdílé náà, mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń gbà nílé náà kí ẹ tó lọ. Ilé kan ń gba obì àti ọtí, ilé mìíràn kò fẹ́ rí ọtí lójú. Ẹ má lọ ní ọ̀sán Sátidé, òde ìnáwó ni wọ́n máa wà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ṣe pàtàkì jù. Ẹgbẹ́ tó ṣáájú wa ti lọ sọ fún wọn pé, "Ilẹ̀ àdúgbò ni, ẹ ò lè tà á." Wọ́n lé wọn jáde. Bí alága wa ṣe gbé tirẹ̀ kalẹ̀ nìyí, bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé lọ́jọ́ náà:

"Ẹ kú ilé o, Bàbá. Ọmọ yín ni gbogbo wa, orí ilẹ̀ yín la kọ́lé sí. A ò wá gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín fún wa ló sọ pé bàbá yín fi àyè kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. A wá bi yín bí ẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n máa rántí bàbá yín níbẹ̀."

Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ta ló sọ fún yín pé a fẹ́ tà á?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. A mọ̀ pé wọ́n ti gba àsansílẹ̀ owó lórí apá kan rẹ̀, òun náà sì mọ̀ pé a mọ̀. Ìpàdé mẹ́rin la ṣe kí ọ̀rọ̀ tó yọ. Ohun tó yanjú rẹ̀ kì í ṣe òfin: a gbà láti fi orúkọ bàbá ńlá wọn pe pápá náà, kí a sì kọ ọ́ sára òkúta. A sì ṣàlàyé fún àwọn ọ̀dọ́ ilé pé plọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣì ní lẹ́yìn pápá yóò wọ́n sí i bí pápá bá wà, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ra ilẹ̀ níbi tí ilé ti fún ara wọn lọ́rùn.

Tí wọ́n bá ti gbà, ẹ mú lọ́yà wá báyìí. Kí olórí ẹbí fọwọ́ sí ìwé náà, kí aṣojú ìdí kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí náà sì fọwọ́ sí i. Ẹ má fojú kékeré wo èyí. Lójú òfin, bí a bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, a ò ta nǹkan kan. Bí olórí ẹbí bá dá a tà tí kò sọ fún àwọn àgbà yòókù, wọ́n lè lọ fagi lé e ní kóòtù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn gan-an tún gba ìṣọ́ra ju títà lọ. Bí ẹnì kan nínú wọn kò bá lè kàwé, kí wọ́n ka ìwé náà fún un ní Yorùbá kó tó tẹ ìka, kí ìwé sì sọ pé wọ́n kà á, ó yé e, kó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ ya fídíò rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà níjókòó.

Bí wọ́n bá ní àfi kí ẹ san nǹkan kan, ẹ má yarí. Kí ẹ ra plọ́ọ̀tì kan tàbí méjì létí odò sàn ju kí ẹ máa lọ sí kóòtù fún ọdún mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n inú báńkì ni kí owó gbà, kí rìsíìtì sì jáde lórúkọ ìdílé.

Ìgbésẹ̀ 5: Ta ni yóò di ìwé náà mú?

Ẹgbẹ́ láńlọ́ọ̀dù tí kò forúkọ sílẹ̀ kì í ṣe ènìyàn lójú òfin. Kò lè ní ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀. Bí ẹ bá sì kọ ọ́ sórúkọ alága, ilẹ̀ alága nìyẹn. Bó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á pín in. Ẹ lọ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tó ní olùtọ́jú dúkìá. Lábẹ́ CAMA, òfin iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti ọdún 2020, ẹ óò kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, ẹni tó bá ní àtakò sì ní ọjọ́ 28 láti sọ ọ́.

Nínú ìwé òfin ẹgbẹ́, ẹ kọ ọ́ gbangba pé ilẹ̀ náà kò ṣeé tà, kò ṣeé fi yáwó, kò ṣeé kọ́ ilé sí. Kí obìnrin wà nínú àwọn olùtọ́jú, kí ọmọ ìdílé onílẹ̀ kan wà níbẹ̀, kí ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ogójì ọdún sì wà.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ jẹ́ kí ìjọba mọ̀

Lẹ́tà kan náà, ẹ̀dà mẹ́rin: ìjọba ìbílẹ̀ yín, town planning, iléeṣẹ́ ètò àyíká, olórí awọnlẹ̀. N'Ìbàdàn, ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà, 5 nígboro, 6 lẹ́yìn odi. Ẹ rí i dájú pé ẹ mọ èyí tí ilẹ̀ náà bọ́ sí gan-an, torí mo ti rí ẹgbẹ́ tó ń kọ lẹ́tà sí Ẹgbẹ́dá fún ọdún méjì lórí ilẹ̀ tó wà ní Lágelú. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ béèrè fún nínú lẹ́tà: kí wọ́n kọ ilẹ̀ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àyè gbogbo ènìyàn, kí wọ́n má fọwọ́ sí pílánì ilé kankan lórí rẹ̀. Ẹ fi fọ́tò, ìwé sọ́fè àti ìwé ìdílé tì í. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbà sára ẹ̀dà tiyín. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, ẹ ò kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ sàmì sí ààlà

Pèrègún ni. Àwọn baba wa fi ń pààlà, kò ní kú nínú ọ̀gbẹlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa rí i lórí ìlà tí kò ní mọ̀ pé ààlà ni. Ẹ gbìn ín nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, láti oṣù karùn-ún, kí ẹ sì jẹ́ kí awọnlẹ̀ ri òpó sìmẹ́ǹtì rẹ̀ sí igun kọ̀ọ̀kan. N ò fara mọ́ ògiri. Owó rẹ̀ pọ̀, ẹni tó bá sì kọ́ ògiri yóò fi géètì sí i, ẹni tó bá fi géètì sí i yóò ní kọ́kọ́rọ́, kò sì ní pẹ́ tí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ á fi máa ṣe bí onílẹ̀.

Fún igi ibòji, ẹ gbin máńgòrò, àgbálùmọ̀ àti odán. Létí odò, ọparun ń di ilẹ̀ mú. Ẹ má gbin mẹ̀línà, torí ẹni tó fẹ́ gé e tà á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún láti ọjọ́ tí ẹ bá ti gbìn ín. Ẹ lè béèrè irúgbìn àti ìmọ̀ràn ní iléeṣẹ́ ìwádìí igbó tó wà ní Jẹ́ríkò. Láti ọdún 1954 ni wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ lò ó

Ilẹ̀ kejì tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ní ìwé. Ó wà nínú layout, ó wà nínú fáìlì. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dé ibẹ̀. Koríko bò ó, ó di ààtàn, ó ń rùn. Nígbà tí ọkùnrin kan wá kó ààtàn náà kúrò lówó ara rẹ̀, a dìde dúró nípàdé, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ló kọ́ síbẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ pè é lẹ́jọ́, ó gbé ìwé ìdúpẹ́ tí èmi fúnra mi kọ jáde.

Nítorí náà, ẹ fi nǹkan sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kí àwọn ọmọ gbá bọ́ọ̀lù, kí àwọn ìyá sá ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo wọn sí etí rẹ̀, kí wọ́n máa ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ níbẹ̀ dípò ọ̀ọ̀dẹ̀ alága, kí àwọn tó ń kírun ọdún kí i níbẹ̀, kí ìyàwó àti ìsọmọlórúkọ máa wáyé níbẹ̀ lówó pọ́ọ́kú tí ẹ óò fi gbálẹ̀. Ẹ yan ẹni tó ń gbá a, ẹ sanwó fún un lóṣooṣù. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kì í ju oṣù mẹ́ta lọ.

Ẹ wá fetí sí mi dáadáa. Ẹni tó léwu jù fún pápá náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà á tán, ẹ̀yin gan-an ni. Ẹnì kan yóò dìde nípàdé, á ní kí a kọ́ yàrá kékeré kan fún àwọn fijilanté. Ẹlòmíràn á ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ á mówó wọlé. Ṣọ́ọ̀ṣì á béèrè igun kan, mọ́ṣáláṣí á ní bí ẹ bá fún wọn, àwọn náà ńkọ́. Gbogbo wọn ló ní ìdí tó dáa. Ìdáhùn kan náà ni kí ẹ fún gbogbo wọn, kí ẹ sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè: rárá.

Ìgbésẹ̀ 9: Bí àwọn ajagungbalẹ̀ bá dé

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni wọ́n sábà máa ń já yanrìn, torí wọ́n mọ̀ pé ọ́fíìsì ti tilẹ̀kùn. Ẹ má jà. Bí ẹnì kan bá fara pa, ẹjọ́ ilẹ̀ di ẹjọ́ ìjà, ilẹ̀ á sì máa lọ lẹ́yìn yín. Ẹ ya fọ́tò ọkọ̀, nọ́ńbà rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ àti ibi tí ìpìlẹ̀ dé. Ẹ pe kánsílọ̀ yín àti Bàbá Mógàjí ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kí lọ́yà ti múra ìwé ìpẹ̀jọ́ sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ajé, kó lè béèrè àṣẹ kóòtù pé kí oníkálukú dúró síbi tó wà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹnì kan jókòó sí town planning títí wọ́n á fi rán ẹni tó máa fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé kí iṣẹ́ dúró. Kí ẹlòmíràn wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, pẹ̀lú fọ́tòkọ́pì, kì í ṣe ojúlówó ìwé.

Ìgbésẹ̀ 10: Ibi tí ìwé ń gbé

Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sílé akọ̀wé. Mo sọ ọ́ nítorí pé òjò yọ́ wọ àjà mi nígbà kan, ó sì ba ìwé ìpàdé ọdún méjì jẹ́. Kí ojúlówó wà nínú báńkì tàbí lọ́dọ̀ lọ́yà, kí ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ Mógàjí, ọ̀kan lọ́dọ̀ olórí àwọn ìyá, kí fọ́tò gbogbo rẹ̀ sì wà lórí WhatsApp ẹgbẹ́, níbi tí ọmọ ẹgbẹ́ tuntun yóò ti rí i lọ́jọ́ tó bá wọlé. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nínú oṣù kẹsàn-án, ẹ kó ìwé náà dání, kí ẹ tún rìn yí ilẹ̀ náà ká, kí ẹ máa ka òpó sìmẹ́ǹtì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ ò bá bá níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ pe awọnlẹ̀ lọ́jọ́ náà.